Orí Karùn-ún: Ta Ni Yóò So Ìwádìí Mọ́ Oko àti Ọjà ní Òdìgbò?

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan tó kan àwọn oko tó yí ìlú Orè ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò ká gbọ̀ngbọ̀n. Òfin náà ní ohun méje kò gbọdọ̀ wọ ọjà Yúróòpù mọ́ bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ti wá. Àwọn ohun méje náà ni màlúù, kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti igi. Mẹ́rin nínú wọn ni ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò fi ń jẹun: kòkó àti ọ̀pẹ ní abúlé káàkiri, rọ́bà ní Àràròmí-Obù, àti igi láti inú igbó ọba Olúwa. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn lọ gbọ́dọ̀ fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ ibi gan-an tí oko náà wà. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ lè ní àmì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ààlà rẹ̀ yíká. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ wọn kò fagi lé e. Kò sí àgbẹ̀ tó lè dá ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kí oníbàárà ní Amsterdam sì gbà á gbọ́. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tó mọ àwòrán sátẹ́láìtì, ẹni tó mọ ilẹ̀, ẹni tó mọ òfin, àti ẹni tí àgbẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé pípe àwọn wọ̀nyí jọ sójú kan jẹ́ iṣẹ́ aṣáájú, àti pé orí rẹ̀ ni ọrọ̀ ajé agbègbè bí Òdìgbò yóò ti dúró tàbí ṣubú.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ jìnnà sí Orè. Oríta ni ìlú náà, níbi tí títì Ṣàgámù sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa. Bí a bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Ilé-Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CRIN, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Ìbàdàn kan náà ni ilé-ìwádìí IITA wà láti 1967, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ̀bá Bìní ni NIFOR, ilé-ìwádìí ọ̀pẹ tó ti wà láti 1939, kò sì jìnnà sí ilé-ìwádìí rọ́bà tó wà ní Iyanomo. Ní ìhà gúúsù, Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Òkìtìpupa. Ní ìhà àríwá, yunifásítì FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Àgágù tí a fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà, tó ṣe gómìnà Oǹdó láti 2003 sí 2009, jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn rí. Ìlú tó wà láàárín ilé-ìwádìí mẹ́rin, tó sì jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn gan-an ni wọ́n ń wádìí, kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ń kó kòkó àti igi gba Orè kọjá lọ sí Èkó lójoojúmọ́, èrè tó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ń bá wọn lọ.

Ohun tí ilẹ̀ wa ti ṣe rí

Ilẹ̀ Yorùbá ti so ìwádìí mọ́ oko rí, a sì rí èso rẹ̀. Ní 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo, ní ilẹ̀ Gánà òní. Àrùn kan tí ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú kí igi náà tó kú ló ń dà wọ́n láàmú nígbà náà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àwọn kòkòrò kéékèèké funfun tí ń fa omi ara igi ló ń gbé e kiri láti igi dé igi. Títí di òní, àrùn náà kò ní oògùn: a ní láti gé igi tó ti kó o, kí a sì fi irú tó lágbára rọ́pò rẹ̀. Ọdún 1944 yẹn kan náà ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Posnette kó irúgbìn kòkó tó ṣẹ̀ wá láti agbègbè odò Amazon dé Tafo láti Trinidad. Irú yìí ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ, ọmọ rẹ̀ ló sì tàn dé oko ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ̀ka ilé-ìwádìí náà tó wà ní Ìbàdàn ló di CRIN ní 1964.

Ṣùgbọ́n irúgbìn rere kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn òṣìṣẹ́ ágíríkì tí ń wá bá àgbẹ̀ lábúlé; ó ní àwọn tí ń yẹ kòkó wò láti mọ èyí tó gbẹ dáadáa àti èyí tó ti bu; ó sì ní Bọ́ọ̀dù tí ń rà á. Owó kòkó ran ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ó sì wà lára ohun tí ìjọba agbègbè náà fi gbé Yunifásítì Ifẹ̀ dìde, tó ṣílẹ̀kùn ní 1962. Nígbà tó yá, ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, bọ́ sábẹ́ yunifásítì náà. Owó oko lọ sí ilé-ìwé, ìmọ̀ ilé-ìwé sì ń padà sí oko. Àwọn àgbẹ̀ kò jókòó ṣe ètò yẹn, àwọn onísáyẹ́ǹsì kò sì láṣẹ láti ná owó Bọ́ọ̀dù. Àwọn aṣáájú tó wà nípò ló pinnu pé bí yóò ti rí nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yóò sọ pé Bọ́ọ̀dù kan náà ló rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, òótọ́ sì ni. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré gan-an sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, òṣèlú sì jẹ púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí owó-orí wá gùn ún lórí, àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 àti 1969 nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1986, ìjọba ológun pa àwọn Bọ́ọ̀dù rẹ́ pátápátá, inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì dùn nítorí pé owó kòkó wá ń wọ àpò wọn tààrà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé nǹkan méjì ni ọdún 1986 fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo gé. Ó gé ìrẹ́jẹ, ó sì tún gé okùn tó so owó kòkó mọ́ ìmọ̀ kòkó. Láti ìgbà náà, ohun tí ìjọba àpapọ̀ bá yà sọ́tọ̀ ní Àbújá ni ilé-ìwádìí ń wò, bí kòkó wọ́n tàbí kò wọ́n. Ní 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan lókè òkun kọjá $10,000, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, lára ohun tó sì fà á ni pé àrùn ti ba oko jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire. Owó dé, owó sì tún lọ sílẹ̀. Gánà ní tirẹ̀ kò pa Bọ́ọ̀dù rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ náà ni ilé-ìwádìí Tafo ṣì wà. Wàhálà tiwọn pọ̀, àgbẹ̀ wọn náà sì ń kùn nípa iye tí wọ́n ń rí gbà. Nítorí náà kí a má ṣe ní kí Bọ́ọ̀dù àtijọ́ padà wá. Okùn tó so owó mọ́ ìmọ̀ ni kí a tún so, kí a sì fi ìrẹ́jẹ sílẹ̀ sínú sàréè rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ìwádìí já mọ́ fún ọjà kòkó, nígbà tó jẹ́ pé Côte d'Ivoire borí gbogbo ayé láìsí àrà kan tí ó dá. Ní nǹkan bí 1970, Nàìjíríà ń kó bí 300,000 tọ́ọ̀nù jáde lóko lọ́dún, Côte d'Ivoire kò tíì dé 200,000. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tiwọn ti kọjá mílíọ̀nù méjì rí, tiwa kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é: igbó ni wọ́n ń gé. Ilẹ̀ igbó tuntun ní ọ̀rá, kì í béèrè ajílẹ̀, àrùn kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ náà bá ti rẹ̀, wọ́n á wọ igbó mìíràn. Ọ̀nà yẹn ni àwọn àgbẹ̀ tó wọ igbó Olúwa náà ń gbà. Òfin Yúróòpù ti fẹ́ dí i, igbó fúnra rẹ̀ sì ti ń tán. Ọ̀nà kan tó kù ni kí igi tó wà lórí ilẹ̀ àtijọ́ so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe láìsí irúgbìn tuntun, ìtọ́jú ilẹ̀ àti ìmọ̀ àrùn. Ibi tí igbó parí sí ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di dandan.

Ẹ̀kọ́ ọ̀pẹ, ẹ̀kọ́ ẹ̀gẹ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ fi hàn kedere ìdí tí àgbẹ̀ kò fi lè dá a ṣe. Oríṣi ọ̀pẹ kan wà tí èèpo kóró rẹ̀ nípọn, tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òmíràn wà tí kóró rẹ̀ kò ní èèpo líle rárá, ṣùgbọ́n tí kì í sábà so. Ní 1941, àwọn onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀mù ní Kóńgò fi hàn pé bí a bá fi ìyẹ̀fun òdòdó akọ ti èkejì sí òdòdó abo ti èkínní, gbogbo ọmọ wọn yóò ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ẹran púpọ̀, epo yóò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá gbin kóró tó mú lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìdajì péré ni yóò dà bí igi tí ó mú kóró náà lára rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin yóò padà sí oníkóró nípọn, ìdá kan nínú mẹ́rin yóò sì jẹ́ èyí tí kì í so dáadáa. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí àgbẹ̀ bá fẹ́ gbin ọ̀pẹ tuntun, ilé-ìwádìí ló ní láti lọ bá. Bí kò bá rí i, yóò ra èyí tó bá rí lẹ́bàá títì, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò sì tó mọ̀ pé wọ́n ti tan òun jẹ.

Màléṣíà gba ọ̀pẹ láti Áfíríkà, ilẹ̀ wa sì ni ibi tí epo pupa ti ń jáde jù lọ láyé títí di nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960. Ohun tó yí i padà ni pé ìjọba ibẹ̀ so ọ̀pẹ mọ́ ìwádìí pẹ̀lú òfin. Ní 1979, wọ́n dá ilé-ìwádìí epo pupa tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń ṣe epo máa san owó díẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń da ìyẹ̀fun akọ sórí òdòdó abo, ọ̀pọ̀ lébìrà ni wọ́n sì ń sanwó fún. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Rahman Syed lọ wo ọ̀pẹ ní Kamẹrúùnù, ó rí i pé kòkòrò kékeré kan ló ń bá ọ̀pẹ ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n tú kòkòrò náà sílẹ̀ ní Màléṣíà ní 1981, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn sì di ohun àtijọ́. Láti ìgbà láéláé ni kòkòrò yẹn ti ń gbé lórí ọ̀pẹ Áfíríkà. Àwọn tó kọ́kọ́ jèrè ìmọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ti ṣètò ẹni tí yóò máa wò ó, owó tí yóò fi wò ó, àti àwọn oko tó ti múra láti lo ohun tó bá rí.

Àtakò kan tí a máa ń gbọ́ ní ọ́fíìsì ni pé olóríkunkun ni àgbẹ̀ wa, wọn kì í gba nǹkan tuntun. Ìtàn kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ló tan kòkó ká láti Agége wọ inú ilẹ̀, kí ìjọba tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà jẹ́rìí. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀gẹ́ run láti Kóńgò títí dé ọ̀dọ̀ wa. Hans Herren, ọmọ Swítsàlándì tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tí ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981. Agbọ́n náà tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ẹ̀gẹ́ bọ́, Herren sì gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó mú kòkòrò àjèjì wọ ilẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ kò ná kọ́bọ̀, kò sì ṣorí kunkun sí ohunkóhun. Ibi tí ìmọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tó bá a mu, ó ń gbà á. Ohun tí à ń pè ní oríkunkun sábà máa ń jẹ́ pé a kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó kù fún Òdìgbò

Orè ti ní ohun tí àwọn mìíràn ń wá kiri. Ọgbà ilé-iṣẹ́ Oǹdó-Linyi, tí ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú bá àwọn ará Ṣáínà dá sílẹ̀, wà ní agbègbè náà, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ sì wà lójú ọ̀nà Bìní. Ṣùgbọ́n ọgbà ilé-iṣẹ́ tí kò bá ìwádìí ṣe yóò kàn máa gé ohun tó bá bá nílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká mú èèpo kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Tí àgbẹ̀ bá fọ́ kòkó tán, èèpo ni ó ń kó jọ sí ìdí igi, ibẹ̀ gan-an ni ohun alààyè tíńtín tí ń sọ èso kòkó di dúdú ti ń farapamọ́ de òjò tí ń bọ̀. Èèpo kan náà, bí a bá sun ún, eérú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. CRIN náà sì ti fi hàn pé a lè sọ ọ́ di ọṣẹ, oúnjẹ ẹran àti ajílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Orè bá ń ra èèpo, àgbẹ̀ yóò kó o kúrò lóko nítorí owó, àrùn yóò dín kù, kòkó yóò pọ̀ sí i, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì ríṣẹ́. Onísáyẹ́ǹsì nìkan kò lè ṣe é, nítorí kò ní ilé-iṣẹ́. Oníṣòwò nìkan kò lè ṣe é, nítorí kò mọ irú èèpo tó dára àti bí a ṣe ń gbẹ ẹ́. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù: ìwádìí, òfin àti ọjà gbọ́dọ̀ jọ gbé e.

A ó gbọ́ pé kò sí owó. Owó kékeré ni mo ń wí, tó sì ní orísun. Òfin TETFund ti 2011 ti fìdí owó tí a ń gbà lára èrè ilé-iṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ gíga múlẹ̀, ìwádìí sì wà lára ohun tó ń ná an sí. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Oǹdó náà lè ṣòfin pé kí ìdá díẹ̀ lára ohun tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí kòkó àti igi lọ sí ìwádìí oko rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ owó náà kí ìtàn Bọ́ọ̀dù má tún wáyé. A ó gbọ́ pé nítorí ìgbéga ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ń ṣe ìwádìí, pé ìwé tí wọ́n ń kọ kì í kúrò nínú àpótí. Wọn kò jẹ̀bi: ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ni a fi ń wọn iṣẹ́ wọn. Bí ìgbìmọ̀ yunifásítì Òkìtìpupa àti FUTA bá ka irúgbìn tó dé oko tàbí àwòrán ilẹ̀ tí àgbẹ̀ lò mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ ó rí i bí ojú wọn yóò ṣe yí padà sí Òdìgbò.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ọdún mẹ́rin ni gómìnà ní, ìwádìí sì ń pẹ́. Igi kòkó tuntun kò ní so kí ìbò tó dé. Ṣùgbọ́n ìtàn ti dáhùn rẹ̀ rí. Luther Hodges, tó ṣe gómìnà North Carolina ní Amẹ́ríkà láti 1954 sí 1961, bá ìpínlẹ̀ kan tó wà lára àwọn tó tòṣì jù ní orílẹ̀-èdè náà, tí tábà, aṣọ híhun àti àga jẹ́ olórí ọjà wọn. Òun àti àwọn oníṣòwò ibẹ̀ so yunifásítì mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì dá ọgbà ìwádìí sílẹ̀ láàárín wọn ní 1959. Hodges ti kúrò lórí oyè kí IBM tó dé ní 1965, tí ọgbà náà fi gbilẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó yè lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kò fi í sábẹ́ ọ́fíìsì gómìnà: àjọ tirẹ̀ ló ń darí rẹ̀, àwọn yunifásítì àti oníṣòwò sì wà nínú rẹ̀. Aṣáájú tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ ní láti kọ́ ọ lọ́nà tí ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ kò fi ní lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo tú u ká.

Nítorí náà, ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni àwòrán ilẹ̀ àwọn oko Òdìgbò, nítorí ó kan kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti igi lẹ́ẹ̀kan náà. Kí yunifásítì Òkìtìpupa yà á, kí CRIN àti NIFOR fi irúgbìn tó dájú tẹ̀ lé e lọ sí oko tó bá wà lórí rẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sanwó iṣẹ́ náà, kí àwọn olóyè abúlé àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀. Ẹni tó ti ń dáko nínú igbó ọba gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú pé kì í ṣe nítorí àtilé òun kúrò ni wọ́n ṣe ń wọn oko òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fara pamọ́, àwòrán náà yóò sì jẹ́ irọ́. Kí a bá a ṣe àdéhùn: kó má gé igbó kún un, kí òun náà sì rí irúgbìn àti oníbàárà tí yóò san iye tó tọ́. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ti wà láàárín Ìbàdàn àti Bìní. Gómìnà, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀gá yunifásítì ló lè pè wọ́n jọ, àwa ará ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n léèrè, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò tàbí wá ṣí ilé tuntun, oko mélòó ni ìwádìí wọn ti dé.